Iye Tó Wà Láàárín Ìwọ̀n Méjì: Iṣẹ́ Pólínómíà Nínú Ohùn, Àwòrán àti Gíga Ilẹ̀

Ohùn ènìyàn kò ní àlàfo. Bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu ni afẹ́fẹ́ ń ru sókè tó sì ń rọlẹ̀, kò sì sí ìṣẹ́jú bíńtín kan láàárín rẹ̀ tí kò ní iye tirẹ̀. Ẹ̀rọ díjítà kò lè kó gbogbo iye wọ̀nyí pamọ́, torí pé wọn kò lóǹkà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wọn gíga ìgbì ohùn náà ní àkókò tó dọ́gba síra, ó ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìyókù lọ. Tẹlifóònù díjítà ayé àtijọ́ ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwo CD, tí Philips àti Sony gbé jáde ní 1982, ń lo 44,100. Ohùn tó ń bá fídíò rìn sábà máa ń jẹ́ 48,000. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ báyìí ni à ń pè ní ìwọ̀n nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àárín ìwọ̀n kan sí èkejì ṣófo nínú fáìlì, ṣùgbọ́n kò ṣófo nínú ohùn fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kò ṣeé ṣe láì wá iye tó bọ́ sínú àlàfo yẹn. Bí wọ́n bá gba ìlù ọdún Olósùnta sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100, tí wọ́n sì fẹ́ kí ìlù náà bá fídíò tó ń lo 48,000 rìn, ẹ̀rọ ní láti pèsè iye fún àwọn àkókò tí kò wọn nǹkan kan rárá. Ìpín 44,100 sí 48,000 kò yàtọ̀ sí ìpín 147 sí 160. Nínú iye tuntun 160, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ sórí ìwọ̀n àtijọ́; àárín ni gbogbo 159 tó kù bọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ mú ìró orin lọ sókè díẹ̀, ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ìgbì kan ti ga jù gan-an, àti ẹni tó fẹ́ kí ohùn máíkì méjì bá ara wọn dọ́gba ní àkókò, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bá pàdé: kí ni ẹ̀rọ ì bá kọ sílẹ̀, ká ní ó wọn ohùn ní ibi tí kò wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn tó yá jù ni láti mú ìwọ̀n tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, kí á sì lò ó bó ṣe wà. Ìgbì tó bá ti ibẹ̀ jáde yóò ní igun káàkiri, etí yóò sì gbọ́ ọ bí ohùn tó ń ha. Èyí tó tẹ̀lé e ni láti fa ìlà tààrà láti ìwọ̀n kan dé èkejì. Bí ibi tí a ń wá bá wà ní ìdajì ọ̀nà, a ó mú ìdajì ìwọ̀n ti ẹ̀yìn, a ó mú ìdajì ti iwájú, a ó rò wọ́n pọ̀. Bí ó bá wà ní ìdámẹ́rin ọ̀nà, ìwọ̀n ti ẹ̀yìn yóò mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ti iwájú yóò mú ìdá kan. Àwọn ará Bábílónì ayé àtijọ́ ti lo ọgbọ́n yìí fún ìrìn oòrùn àti òṣùpá. Àléébù rẹ̀ hàn kedere: ìgbì ohùn kì í rìn tààrà, ó máa ń tẹ̀, ìlà tààrà sì máa ń gé orí òkè rẹ̀ kúrò.

Láti tẹ̀ bí ìgbì ti tẹ̀, pólínómíà ni wọ́n ń lò. Pólínómíà ni ìṣirò tó mú nọ́ńbà kan, ìlọ́po nọ́ńbà náà pẹ̀lú ara rẹ̀, àti ìlọ́po ìlọ́po náà, tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, tó sì ro gbogbo wọn pọ̀. Onípele kan jẹ́ ìlà tààrà. Onípele méjì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní orí òkè kan tàbí ìsàlẹ̀ kòtò kan. Onípele mẹ́ta lè lọ sókè, kó padà wálẹ̀, kó tún gòkè. Òfin tó dá gbogbo iṣẹ́ yìí dúró ni pé ìwọ̀n méjì ní ìlà tààrà kan ṣoṣo tó lè gba orí wọn kọjá. Ìwọ̀n mẹ́ta ní pólínómíà onípele méjì kan ṣoṣo tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n mẹ́rin ní onípele mẹ́ta kan ṣoṣo. Kò sí pé oníṣirò kan ń yan èyí tó wù ú. Bí ìwọ̀n bá ti wà nílẹ̀, ìlà náà ti wà nílẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Liu Zhuo ní ilẹ̀ Ṣáínà ti ń lo irú onípele méjì ní nǹkan bí ọdún 600. Brahmagupta ní ilẹ̀ Íńdíà lò ó fún tábìlì ìṣirò ojú ọ̀run rẹ̀ ní ọ̀rúndún keje. Isaac Newton gbé ìlànà tó kárí ìwọ̀n iyekíye kalẹ̀ nínú Principia ní 1687. Edward Waring kọ irú kan tó rọrùn jáde ní 1779, ṣùgbọ́n orúkọ Joseph-Louis Lagrange, tó tún un kọ ní 1795, ni ayé fi ń pè é títí dòní. Waring ló ṣáájú, ó sì yẹ kí á sọ ọ́.

Ọ̀nà Lagrange kò nira. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní pólínómíà kékeré kan tó jẹ́ 1 ní ibi tí ìwọ̀n náà wà, tó sì jẹ́ 0 ní ibi tí gbogbo ìwọ̀n yòókù wà. Iye tí pólínómíà kékeré yìí ní ní ibi tí a ń wá ni ìpín tí ìwọ̀n náà yóò mú. Bí wọ́n bá lo ìwọ̀n mẹ́rin, méjì lẹ́yìn àti méjì níwájú, tí ibi tí a ń wá sì wà ní ìdajì gẹ́lẹ́ láàárín méjì tó wà ní àárín, ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ −1/16, 9/16, 9/16 àti −1/16. Ní ìdámẹ́rin ọ̀nà, wọ́n á di −7/128, 105/128, 35/128 àti −5/128. Ohun méjì ló yẹ kí ojú rí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àròpọ̀ wọn jẹ́ 1 ní ìgbà gbogbo, torí náà bí ohùn bá dúró pẹrẹsẹ, iye àárín náà á dúró pẹrẹsẹ. Èkejì, àwọn ìwọ̀n tó jìnnà ní ìpín òdì. Ìpín òdì yìí ni ìlà tààrà kò ní, òun ló sì ń gbé orí òkè tí ìlà tààrà gé kúrò padà sí ipò rẹ̀. Òun náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ níbòmíràn, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn níwájú.

Nọ́ńbà yóò fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ká mú ìró kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí gíga rẹ̀ jù lọ jẹ́ 1, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní ìgbà 8,000. Ìgbọ̀n kan ní ìwọ̀n mẹ́jọ. Mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ ni 0, 0.7071, 1 àti 0.7071. Iye tòótọ́ ní ìdajì ọ̀nà láàárín ìwọ̀n kejì àti ìkẹta jẹ́ 0.9239. Ìlà tààrà sọ pé 0.8536 ni, ó fi nǹkan bí 0.07 dín. Onípele méjì, tó lo ìwọ̀n mẹ́ta àkọ́kọ́, sọ pé 0.9053. Onípele mẹ́ta, tó lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sọ pé 0.9161, àṣìṣe rẹ̀ kò tó 0.008. Ìwọ̀n kan péré ló fi kún ti onípele méjì kó tó dín àṣìṣe kù ju ìdajì lọ, torí pé ìwọ̀n rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì bákan náà. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn fi fẹ́ràn ìwọ̀n mẹ́rin ju mẹ́ta lọ: mẹ́ta ní láti fi ìhà kan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n 1,000 láàárín 8,000 jẹ́ ohun tó rọrùn. Bí ìró náà bá ń gbọ̀n ní ìgbà 3,000, tí ìwọ̀n sì ṣì jẹ́ 8,000, ìlà tààrà ní ìdajì ọ̀nà yóò dá nǹkan bí ìdá 38 péré nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ padà. Onípele mẹ́ta yóò dá nǹkan bí 55 padà. Ìró tó wọlé pẹ̀lú gbogbo gíga rẹ̀ á jáde pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì gíga náà. Bí wọ́n bá wá wọn ìró 1,000 náà ní ìgbà 48,000, ìlà tààrà gan-an yóò dá ìdá 99.8 nínú ọgọ́rùn-ún padà, onípele mẹ́ta kò sì ní ní àṣìṣe tí etí lè gbọ́. Kókó ibẹ̀ ni pé kì í ṣe pólínómíà nìkan ló ń pinnu bí iye àárín yóò ṣe péye tó. Iye ìwọ̀n tó wà nínú ìgbọ̀n kan ló ń pinnu jù. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dára ṣe máa ń kọ́kọ́ fi ìṣirò mìíràn tó gùn sọ ìwọ̀n di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́rin, kí wọ́n tó fi onípele mẹ́ta parí iṣẹ́.

Ààlà kan wà tí ìṣirò kankan kò lè kọjá. E. T. Whittaker ní 1915, Harry Nyquist ní 1928, Vladimir Kotelnikov ní 1933 àti Claude Shannon ní 1949 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀, oníkálukú láti ọ̀nà tirẹ̀: ìró tí ìgbọ̀n rẹ̀ bá tó ìdajì iye ìwọ̀n tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣeé dá padà. Ìwọ̀n 8,000 kò lè gbé ohun tó ju 4,000 lọ. Fún Yorùbá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán. Ariwo eyín tó wà nínú kọ́ńsónáǹtì s, èyí tó wà nínú orúkọ Ìsẹ̀-Èkìtì, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ wà lókè 4,000. Ti ṣ wà nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Lórí tẹlifóònù ayé àtijọ́, tó tilẹ̀ ń gé ohùn dúró ní nǹkan bí 3,400, s máa ń di aláìlágbára, olùgbọ́ sì máa ń fi òye gbọ́ ọ. Bí ẹnìkan bá gba ìtàn àgbàlagbà kan sílẹ̀ báyìí, tó wá fi pólínómíà sọ fáìlì náà di 48,000, fáìlì náà á tóbi sí i, s kò ní padà wá. Ohun tí wọn kò wọ̀n kò sí nínú àlàfo fún ẹnikẹ́ni láti wá rí.

Ẹni tó bá rí i pé mẹ́rin dára ju mẹ́ta lọ lè rò pé mọ́kànlá yóò tún dára jù, pé ogún yóò pé pérépéré. Carl Runge, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi hàn ní 1901 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mú ìlà kan tó dán, tó ní òkè kan ṣoṣo ní àárín tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1, tó sì rọra lọ sílẹ̀ ní apá méjèèjì. Bí a bá fi ìwọ̀n mọ́kànlá tó jìnnà sí ara wọn bákan náà wọ̀n ọ́n, tí a sì fa pólínómíà onípele mẹ́wàá gba orí wọn, ìlà tuntun náà dára ní àárín, ṣùgbọ́n ní ẹ̀bá ìpẹ̀kun ó ń fò sókè dé nǹkan bí 2, ní ibi tí iye tòótọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n kún un, ó ń burú sí i. Pólínómíà onípele gíga ń san gbèsè ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé, ó sì ń ṣe bó ṣe wù ú láàárín wọn.

Ọ̀nà àbáyọ ni láti má ṣe fi pólínómíà kan ṣoṣo bo gbogbo fáìlì. Àlàfo kọ̀ọ̀kan ń gba onípele mẹ́ta tirẹ̀, tí wọ́n fi ìwọ̀n mẹ́rin tó yí i ká ṣe. Bí wọ́n bá bọ́ sí àlàfo tó kàn, wọ́n á fi ìwọ̀n kan sílẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á sì gba kan níwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì, níbi tí kò ti sí aládùúgbò, òfo tàbí àtúnkọ ìwọ̀n ìpẹ̀kun ni wọ́n fi ń dí i.

Bí wọ́n bá lo Lagrange báyìí, àwọn ègé ìlà á kan ara wọn lórí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n igun kékeré á wà níbi tí wọ́n ti pàdé, torí ègé kan lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tí ègé kejì fi kúrò. Edwin Catmull àti Raphael Rom, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 1974 fún yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, yàn pé ìdagẹ̀rẹ̀ lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì ìyàtọ̀ àárín aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì. Igun náà parẹ́. Ohun kan tó jọni lójú ni pé ní ìdajì ọ̀nà, ìpín Catmull àti Rom kò yàtọ̀ sí ti Lagrange rárá: −1/16, 9/16, 9/16, −1/16. Ibòmíràn nínú àlàfo ni wọ́n ti yàtọ̀. Ọ̀nà kẹta ni ti spline, tí Isaac Schoenberg gbé kalẹ̀ ní 1946, níbi tí ìdagẹ̀rẹ̀ àti bí ìlà ti tẹ̀ tó ti bára mu lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Spline dán ju gbogbo wọn lọ. Owó tó ń gbà ni pé gbogbo ìwọ̀n inú fáìlì ló ń lọ́wọ́ sí iye kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́rin péré.

Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ń gba orí ìwọ̀n kọjá gan-an, èyí sì lè jẹ́ àléébù. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí òjò orí páànù bá ti wọnú ìwọ̀n, pólínómíà á bọ̀wọ̀ fún ariwo náà bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀. Kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ibi tí iye àárín ti ṣe pàtàkì jù fún èdè Yorùbá ni gíga ohùn, torí gíga ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Kí ẹ̀rọ tó mọ̀ bóyá sílébù kan jẹ́ ohùn òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀, ó ní láti mọ iye ìgbà tí tán-án-ná ọ̀fun ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni láti fi ìgbì náà wé ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀n 38, 39, 40, 41, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí á sì wo ibi tí wọ́n ti jọra jù. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 8,000, ìjọra ní 40 túmọ̀ sí ìgbọ̀n 200. Ní 41, ó di 195.1, ní 39, 205.1. Láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, ìyàtọ̀ ìgbọ̀n márùn-ún ló wà, ẹ̀rọ kò sì rí ohun tó wà láàárín wọn. Ohùn tó ń rọra gòkè á wá dà bí ohùn tó ń fò.

Onípele méjì ló ń tún èyí ṣe. Ká ní ìjọra ní 39 jẹ́ 0.80, ní 40 ó jẹ́ 0.90, ní 41 ó jẹ́ 0.86. Pólínómíà tó gba orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ní orí òkè kan. Láti rí ibi tó wà, wọ́n á yọ ti 41 (0.86) kúrò nínú ti 39 (0.80), kó ku −0.06, wọ́n á ro ti 39 àti ti 41 pọ̀, wọ́n á yọ ìlọ́po méjì ti àárín kúrò, kó ku −0.14, wọ́n á fi ìlọ́po méjì èyí pín −0.06. Ó jẹ́ 0.214. Orí òkè náà wà ní 40.214, ìgbọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 198.9. Ìyọkúrò, àròpọ̀ àti ìpín ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi ohun tí ẹ̀rọ kò wọ̀n hàn, kò sì sí owó kankan tí wọ́n ná lórí máíkì tuntun.

Iṣẹ́ òdìkejì rẹ̀, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sọ Yorùbá, ti wáyé. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú Shun Ha Sylvia Wong àti Anthony Beaumont ti Yunifásítì Aston ní Birmingham, gbé ìwádìí kan jáde ní 2006 nínú ìwé àtìgbàdégbà Computer Speech and Language. Wọ́n kọ́kọ́ fi òfin ohùn Yorùbá to òkè àti kòtò gbólóhùn kan bí ẹ̀ka igi. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi fuzzy logic, ìṣirò tó fàyè gba “ó ga díẹ̀” àti “ó ga gan-an”, wá iye ìgbọ̀n fún òkè àti kòtò tí etí ń gbọ́ níti tòótọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi ìṣirò iye àárín so àwọn ojú ibẹ̀ pọ̀ di ìlà kan tí kò já, tí wọ́n sì fi Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, gbé e wọnú ohùn. Kì í ṣe gbogbo ìgbọ̀n ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ojú díẹ̀ tó ní ìtumọ̀ ni wọ́n wá, ìṣirò iye àárín sì ṣe ìyókù. Ọgbọ́n ńlá ni, torí pé òfin èdè ló wà lórí àwọn ojú náà. Ìrìn láàárín wọn jẹ́ ti ọ̀fun.

Ibẹ̀ náà ni ìpín òdì ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Gbólóhùn “Ìkẹ́rẹ́ dé” ní ohùn ìsàlẹ̀ kan, lẹ́yìn náà òkè mẹ́ta. Fún ìṣirò lásán, láì ka bí ohùn ṣe máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí gbólóhùn ti ń lọ, ká fún wọn ní ìgbọ̀n 120, 160, 160 àti 160. Ìdajì ọ̀nà láàárín kẹ́ àti rẹ́, ojú àwọn méjèèjì jẹ́ 160, ṣùgbọ́n onípele mẹ́ta sọ pé 162.5. Fífò láti 120 sí 160 ló ti ìlà náà kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ìfò náà gẹ́lẹ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan kò gbé ohùn sókè níbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré nínú gbólóhùn yìí. Bí ìfò bá ti tóbi tó ni òun náà ń tóbi tó. F. N. Fritsch àti R. E. Carlson ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ní 1980: wọ́n ń dín ìdagẹ̀rẹ̀ kù lórí ìwọ̀n títí pólínómíà kò fi ní lè kọjá ìwọ̀n méjì tó dè é. Láàárín 160 àti 160, ìlà á dúró ní 160. Fún èdè tí ohùn rẹ̀ ní ìtumọ̀, irú èyí ló yẹ kí á kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ohun mìíràn tún wà nínú ì àti kẹ́. Ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ nínú Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ lókè. Inú sílébù náà gan-an ló ti ń gòkè. Bí wọ́n bá fi ojú kan ṣoṣo sí àárín sílébù kọ̀ọ̀kan, pólínómíà yóò pín ìgòkè náà sórí sílébù méjì, ohùn yóò sì dà bí ti àjèjì tó ń kọ́ èdè. Ojú kejì nínú sílébù kẹ́ ló ń tún un ṣe. Pólínómíà tó ga sí i kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ká padà sórí ìyípadà iye ìwọ̀n ohùn: nínú ẹ̀rọ tó ń yí ohùn láti 44,100 sí 48,000 lójú ẹsẹ̀, ìpín mẹ́rin onípele mẹ́ta ń yí padà fún iye tuntun kọ̀ọ̀kan. C. W. Farrow fi hàn ní 1988 pé ìpín yìí fúnra wọn jẹ́ pólínómíà, torí náà wọ́n ṣeé tún tò: ẹ̀rọ á ṣe ìṣirò mẹ́rin tí nọ́ńbà wọn kò yí padà láéláé, á wá fi ibi tó wà nínú àlàfo sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìtò Farrow ti wọ inú rédíò àti mọ́dẹ́ẹ̀mù díjítà.

Àwòrán náà jẹ́ ìwọ̀n, ó kàn jẹ́ pé ìhà méjì ló lọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní nǹkan bí 1938, gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, ilé àkójọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń rí i. Bí ẹnìkan bá fi ìka méjì fa àwòrán náà gbòòrò ní ìlọ́po mẹ́rin ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nínú píksẹ̀lì mẹ́rìndínlógún tó hàn, ẹyọ kan péré ló bá iye tí kámẹ́rà wọ̀n mu; mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ìṣirò. Ìlànà tó gbajúmọ̀ ni èyí tí Robert Keys kọ jáde ní 1981: onípele mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún sí òsì, onípele mẹ́ta lókè sí ìsàlẹ̀, píksẹ̀lì mẹ́rìndínlógún ló ń dá sí iye kan. Bí wọ́n bá lo ìpín tí Keys fẹ́ràn jù, ti Catmull àti Rom gan-an ni.

Ọlọ́wẹ̀ a máa gbẹ́ ère rẹ̀ kó yọ síta gidi kúrò lára pátákó, débi pé òjìji dúdú máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó mọ́lẹ̀. Ibi tí dúdú bá ti pàdé funfun báyìí, ìpín òdì á fa okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òjìji náà. Kò sí irú rẹ̀ lára igi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ka ìlà tí Ọlọ́wẹ̀ fín sí ara ère kò gbọdọ̀ kà á lórí àwòrán tí wọ́n fà gbòòrò. Kó wá àwòrán tí kámẹ́rà ti súnmọ́ igi yà.

Ilẹ̀ pàápàá ti di ìwọ̀n. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú Endeavour fi ẹ̀rọ rédà wọn gíga púpọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Ìwọ̀n tó jìnnà sí ara ní nǹkan bí mítà 90 ni wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀ fún Áfíríkà. Láti 2014 ni ti nǹkan bí mítà 30 ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Ní ilẹ̀ oko tó rọra dagẹ̀rẹ̀ láàárín Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, onípele mẹ́ta, kódà ìlà tààrà, lè fún awọnlẹ̀ ní gíga àárín tó ṣeé gbé ara lé. Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ yàtọ̀. Àpáta ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán láwọn ibì kan; ó lè bọ́ sílẹ̀ gidi láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì. Pólínómíà á sọ ògiri àpáta náà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á tún gbẹ́ kòtò kékeré tí kò sí sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gíga ẹ̀gbẹ́ Olósùnta fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ tàbí ọ̀nà ní láti gbé ẹ̀rọ awọnlẹ̀ lọ síbẹ̀ kó tún un wọ̀n, torí iye yẹn kò sí láàárín àwọn ìwọ̀n tó wà nílẹ̀.